Ìwádìí Lórí Àwáwù

Ẹni tó bá fẹ́ gbéyàwó nílẹ̀ wa, kì í ṣe ojú ọmọbìnrin nìkan ni àwọn òbí rẹ̀ ń wò. Wọ́n á wo ìyá tó bí i, wọ́n á wo bàbá tó bí ìyá, wọ́n á béèrè títí ọ̀rọ̀ á fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti di ará ọ̀run. Ṣé kò sí wèrè nílé wọn? Ṣé kò sí wárápá? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Alárinà tó bá mọṣẹ́, kò sí ìdérí ìkòkò tí kò ní ṣí wò. Jẹ́ẹ́dé sì mọṣẹ́. Àbúrò Bàbá Ládòkun ahunṣọ ni, ó ní alùpùpù kan, ó ní ẹnu kan, mi ò sì lè sọ èyí tó ń sáré jù nínú méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejì ọdún 1983 ni Àwáwù, ọmọ Ràmọ́nì ará Ṣakí, tó ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Ìsẹ́yìn, jáde láti inú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ìjọba. Bó ṣe gbójú sókè, Jẹ́ẹ́dé ló rí. Ó jókòó sórí alùpùpù rẹ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó ń jẹ obì.

Àwáwù kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

"Kú ìrọ̀lẹ́, ìyàwó wa. Ara ta ni kò yá?"

"Kò sí o, sà. Nọ́ọ̀sì ni mo wá kí."

"Nọ́ọ̀sì Florence?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Háà," ni Jẹ́ẹ́dé wí. Ó ṣíná sí alùpùpù, ó lọ, kò sọ ohunkóhun mọ́. Ohun tó dẹ́rù ba Àwáwù gan-an nìyẹn, nítorí bí Jẹ́ẹ́dé bá ń sọ̀rọ̀, kò sí wàhálà. Ọjọ́ tó bá dákẹ́ ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù mọ́.

Gbogbo ìlú ló mọ yàrá tó ti jáde. Nọ́ọ̀sì Florence ti bá àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlá ní ìlú mìíràn kí wọ́n tó gbé e wá sí Ìsẹ́yìn. Ó máa ń sọ pé kì í ṣe ẹni tó ń fa aṣọ ya nìkan ló nílò ìtọ́jú. Ó ní ìbànújẹ́ máa ń di egbò, egbò tí a bá sì dì láìwẹ̀ ẹ́ yóò kẹ̀. Kì í gúnni lábẹ́rẹ́, kì í fúnni lóògùn. Àga mẹ́ta àti àmù omi kan ló wà nínú yàrá náà. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo á wá jókòó, á sọ̀rọ̀, Nọ́ọ̀sì á sì gbọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, àbí? Ṣùgbọ́n ta ló ráyè àlàyé? Yàrá wèrè ni àwọn èèyàn ń pè é, ẹni tí wọ́n bá sì rí níbẹ̀, wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe é nìyẹn.

Kí ló wá gbé Àwáwù débẹ̀? Ìfẹ́ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Nígbà ọyẹ́ ọdún tó ṣáájú, ó lọ sí abà àwọn ahunṣọ láti ra ìborùn fún ìyá rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tò ní ìlà nídìí òfì wọn, òwú ẹnì kọ̀ọ̀kan nà gbọọrọ síwájú rẹ̀ dé ibi òkúta tó so ó mọ́. Ó dúró níwájú ọmọkùnrin kan báyìí, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó gbàgbé pé ọjà ló wá rà.

"Tíṣà," ni ọmọkùnrin náà wí láìgbójú sókè, "ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rà ni, àbí iṣẹ́ mi lẹ fẹ́ máàkì?"

Àwáwù bú sẹ́rìn-ín. Mùstàfá, ọmọ Bàbá Ládòkun, ni ọmọkùnrin yìí. Wọ́n ṣì ń ná ìborùn lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ ọwọ́ kan tí ìyá rẹ̀ tẹ́ sórí ẹní nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìborùn já bọ́ lọ́wọ́ Àwáwù. Mùstàfá rí i tí ó yí padà, tí ó ń sáré lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó ro pé òun ló sọ ohun tí kò dára. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ìborùn náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó lọ tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀. Báyìí ni ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, Mùstàfá á wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí Àwáwù háyà, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Àwáwù fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé bí Jímọ̀ bá ku ọ̀la, kì í lè jẹun. Ìyá Mùstàfá kọ́kọ́ ráhùn. Ó ní tíṣà kì í ká òwú, pé ṣọ́ọ̀kì ni yóò máa kó wálé. Ṣùgbọ́n Bàbá Ládòkun ní kí Jẹ́ẹ́dé máa bá ìwádìí lọ, Jẹ́ẹ́dé sì ti lọ sí Ṣakí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti jẹ àdìyẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ilé ire ni.

Ọjọ́ tí Mùstàfá wá sọ pé, "Àwáwù, ọmọ mẹ́rin péré ni mo fẹ́," ọjọ́ yẹn ni oorun dá lójú ọmọbìnrin náà. Ó rù. Orí ń fọ́ ọ. Níkẹ́, tí wọ́n jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ló fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta ló ti lọ jókòó síbẹ̀, kò tíì lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta yìí ni Jẹ́ẹ́dé rí i.

*

Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, ọ̀rọ̀ ti délé Ládòkun. Mùstàfá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jókòó.

"Àwáwù, kí lo lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo lọ sọ̀rọ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá Mùstàfá."

"Ọ̀rọ̀ wo? Ṣé mi ò létí ni?"

Àwáwù wo ilẹ̀. Bí mo bá sọ fún un, yóò lọ. Bí mi ò bá sọ fún un, wọn yóò ní wèrè ni mí, yóò sì lọ bákan náà. Kí ni kí n ṣe, ló ń rò.

"Ìyá mi ti lọ bá Nọ́ọ̀sì lárọ̀ yìí," ni Mùstàfá wí. "Wọ́n ní kó sọ ohun tó ń ṣe ọ́. Obìnrin yẹn kọ̀! Ó ní òun kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó sínú yàrá òun fún ẹni tó dúró níta. Ìyá mi fi ìbínú dé. Wọ́n ní ohun tó bá dára kì í lọ́ra láti jáde lẹ́nu."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àwáwù kò dúró kí Ọjọ́bọ̀ pé. Lọ́jọ́ Ajé ló ti lọ kúnlẹ̀ níwájú Nọ́ọ̀sì Florence, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín.

"Ma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáà sọ fún wọn pé orí mi pé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni."

"Dìde, jókòó. Bí mo bá jẹ́rìí pé orí Àwáwù pé, ẹni tí mo bá dákẹ́ lé lórí lọ́la ńkọ́? Wọn ò ní sọ pé tirẹ̀ ti dàrú?"

"Wọ́n á kọ̀ mí, Ma."

"Ó ṣeé ṣe." Nọ́ọ̀sì kò fi oyin sí i. "Ọ̀rọ̀ náà, ìwọ lo ni ín. Mi ò lè bá ọ sọ ọ́. Mo lè bá ọ jókòó tì í títí wàá fi sọ ọ́. Ta lo bẹ̀rù jù lọ pé kó gbọ́?"

"Mùstàfá."

"Mú un wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀."

Mùstàfá wá. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà, ó fi fìlà bo ojú bí ẹni tó jí ewúrẹ́. Nọ́ọ̀sì fi àga hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n kọjú síra wọn.

"Òfin kan ló wà níbí," ó wí. "Ẹnì kan á sọ̀rọ̀, ẹnì kejì á gbọ́. Tó bá tán, ẹni tó gbọ́ kò gbọdọ̀ gbà á nímọ̀ràn, kò gbọdọ̀ bá a jà, kò gbọdọ̀ tù ú nínú pàápàá. Ohun tó gbọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ padà, bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè sọ tẹnu rẹ̀."

"Èyí ò le," ni Mùstàfá wí.

"A ó rí i."

Àwáwù mu omi. Ó wo ọwọ́ Mùstàfá, kò lè wo ojú rẹ̀.

"Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà yẹn. Ìyá mi lọ ná ọjà Àgọ́-Àrẹ, ó fi àbúrò mi sílẹ̀ fún mi. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń ké. Mo pọ̀n ọ́n, ó ń ké. Mo gbé e jó, mo fún un lómi, ó ń ké. Ẹ̀yìn ń ro mí. Mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ jókòó sí ibi tí mi ò ti ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ó pẹ́ kí n tó padà. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, kò ké mọ́. Inú mi dùn. Ìyá mi dé, ó ní, 'Ọmọ dà?' Mo ní, 'Ó ti sùn.'"

Àwáwù tún mu omi.

"Gbogbo wọn ní ibà ló pa á. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohunkóhun. Wọ́n sin ín, wọ́n ní kí a má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ọdún kejìlá rèé tí mo ń gbọ́ igbe yẹn. Ẹ ní ọmọ mẹ́rin lẹ fẹ́. Bọ̀ọ̀dá Mùstàfá, ẹ̀rù ń bà mí pé màá tún ti ilẹ̀kùn."

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," ni Mùstàfá yára wí. "Ọmọdé ni ọ́, kí ni ọmọdé—"

"Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀?" ni Nọ́ọ̀sì bi í.

"Rárá, Ma."

"Ohun tó sọ ni mo fẹ́ gbọ́."

Mùstàfá bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọjà Àgọ́-Àrẹ. Ó sọ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ó sọ pípọ̀n, ó sọ ẹ̀yìn tó ń ro. Ó dé ibi ilẹ̀kùn, ahọ́n rẹ̀ kọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Àwáwù gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ lórí òkúta wẹ́wẹ́ ìta, títí tí kò gbọ́ mọ́.

"Ó ti tán," ó wí.

"Mi ò mọ̀," ni Nọ́ọ̀sì Florence dáhùn. "Ìwọ náà ò tíì mọ̀."

*

Jímọ̀ pé, Mùstàfá kò wá. Àwáwù gbé àga méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ọ̀kan wọlé, ó tún gbé e jáde. Ní kíláàsì, ó kọ déètì ọjọ́ náà sí pátákó lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Níkẹ́ mú ìròyìn wá láti ọjà: Jẹ́ẹ́dé ń palẹ̀ mọ́ fún Ṣakí. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni yóò lọ dá ọ̀rọ̀ padà fún Bàbá Ràmọ́nì.

Wọn yóò sọ fún bàbá mi pé mo ya wèrè, ni Àwáwù ń rò. Bàbá mi yóò bi ìyá mi. Ìyá mi kò mọ nǹkan kan. Mo sọ fún un pé ó ti sùn.

Ṣé kó lọ sí yàrá náà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, àbí kó má lọ? Ìdí wo ló kù láti lọ? Ó lọ ṣáá. Bó ṣe ṣí aṣọ ẹnu ọ̀nà, Mùstàfá ló bá lórí àga. Fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún rẹ̀, Nọ́ọ̀sì sì jókòó sórí àga kejì. Ọ̀nà iwájú ló gbà wá lọ́tẹ̀ yìí.

Kò kí i. Bí Àwáwù ṣe jókòó báyìí ni Mùstàfá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń rọra sọ ọ́, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ó dé ibi ilẹ̀kùn, ó kọjá rẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí o dé ẹnu ọ̀nà, kò ké mọ́. Inú rẹ dùn. Ìyá rẹ ní, 'Ọmọ dà?' O ní, 'Ó ti sùn.'" Ó wá gbójú sókè wò ó. "O ní ẹ̀rù ń bà ọ́ pé wàá tún ti ilẹ̀kùn. Ṣé bó o ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

Láti ọdún méjìlá, inú ara rẹ̀ nìkan ni Àwáwù ti ń gbọ́ ìtàn yìí, apààyàn ló sì máa ń rí nínú rẹ̀. Bó ṣe wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ọmọdé kan ló rí, ọmọdé tó ti rẹ̀. Ẹkún gbà á. Ó sunkún dáadáa, wọ́n sì jẹ́ kó sun ún.

"Mo lè sọ tèmi báyìí?" ni Mùstàfá bi Nọ́ọ̀sì.

"Máa sọ."

"Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi jáde. Mo ń bi ara mi léèrè pé bí ọmọ tiwa bá ń ké ńkọ́? Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fi rò ó nídìí òfì, mo ba aṣọ oníaṣọ jẹ́. Mi ò rí ìdáhùn."

Nọ́ọ̀sì kọjú sí Àwáwù. Àwáwù nu ojú rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀rù bà yín. Mo gbọ́ pé ẹ rò ó títí, ẹ ò rí ìdáhùn. Ẹ sì padà wá."

"Kò sọ ìyẹn," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Mo mọ̀, Ma. Ṣùgbọ́n mo rí i."

Nọ́ọ̀sì Florence rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí Àwáwù rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Ó sọ fún wọn pé egbò náà kò tíì jinná, pé wọn yóò máa wá, pé bí ọmọ bá dé wọn yóò tún wá, kí ẹni tó bá rẹ̀ lè sọ pé ó ti rẹ òun kó tó dé ìdí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló lé wọn jáde, nítorí ẹlòmíràn ń dúró.

Lójú ọ̀nà, Àwáwù ní, "Màá wá sílé yín kí Bọ̀ọ̀dá Jẹ́ẹ́dé tó lọ. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn."

Mùstàfá dúró. "Ọmọbìnrin tí wọn ò tíì gbé níyàwó kì í dá wá jẹ́jọ́ nílé ọkọ. Àti pé ilé wa kì í ṣe yàrá Nọ́ọ̀sì, Àwáwù. Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ padà fún ọ níbẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ tán, wọ́n lè fi lé ọ jáde."

"Wọ́n ti ń fi irọ́ lé mi jáde tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òótọ́."

*

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ìyálẹ̀ta, Jẹ́ẹ́dé ti wọ agbádá, ó ti nu alùpùpù. Bàbá Ládòkun jókòó sórí awọ nínú pálọ̀, Ìyá Mùstàfá jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ògiri. Àwáwù wọlé, ó kúnlẹ̀. Mùstàfá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló rán ọ?" ni Ìyá Mùstàfá bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Ma. Ẹ ní kí Bọ̀ọ̀dá Jẹ́ẹ́dé wádìí mi. Mo wá bá wọn parí rẹ̀ ni."

Jẹ́ẹ́dé la ẹnu. Bàbá Ládòkun gbé ọwọ́ sókè, Jẹ́ẹ́dé pa á dé.

Àwáwù sọ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dé òpin, ṣùgbọ́n ó dé e. Ó ní nítorí èyí lòun ṣe ń lọ sí yàrá náà, pé òun yóò sì máa lọ. Ó parí. Ó ń wo ẹní tó wà nílẹ̀, ó ń retí kí wọ́n ní kó máa lọ.

"Kí lorúkọ ọmọ náà?" ni Ìyá Mùstàfá bi í.

Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí láyé.

"Àsíátù ni, Ma."

"Àsíátù," ni Ìyá Mùstàfá wí. Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ìró rẹ̀ lórí itan, ó tẹ́ ẹ, ó tún un tẹ́. "Mẹ́ta lèmi náà bí kí n tó bí Mùstàfá. Nínú ilé yìí náà ni. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dárúkọ wọn, kí wọ́n má baà padà wá yọ mí lẹ́nu. Bùràímọ̀ ló ṣáájú. Lásísì tẹ̀ lé e."

Ó fẹ́ dárúkọ ẹnì kẹta, ohùn kò jáde. Mùstàfá wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Rábíátù," ni Bàbá Ládòkun wí.

Òun náà ló ti pàṣẹ nígbà náà lọ́hùn-ún pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ wọn. Kò wo ẹnì kankan. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò, ọwọ́ tó ti hunṣọ fún ogójì ọdún.

Ìyá Mùstàfá yí sí i. "Ẹ rántí rẹ̀?"

"Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́fà," ni bàbá náà wí. "Ọwọ́ òsì ló máa ń fi di ìka mi mú."

Obìnrin náà fi etí ìró bo ojú. Ẹkún tó sun kò ní ariwo. Ọkọ rẹ̀ sún kúrò lórí awọ, ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá àpótí rẹ̀, bí ọmọdé ṣe ń jókòó ti ìyá rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ìyá náà na ọwọ́, ó fa Àwáwù dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Jẹ́ẹ́dé wúkọ́. Kọ́kọ́rọ́ alùpùpù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "kí ni kí n wá sọ fún wọn ní Ṣakí?"

Bàbá Ládòkun kò dìde níbi tó jókòó sí.

"Sọ fún wọn pé a ti wádìí tán," ó ní. "Kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó."